Àdá Ni Tèmi

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbólóhùn kan tí bàbá mi sọ nínú pálọ̀ wa ní Inglewood, ní ìpínlẹ̀ California, fi gbé mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. A jọ ń wo fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, a sì ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi bí a ṣe dé ibì kan tí ó ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Ó tún ibẹ̀ wò, ojú rẹ̀ le koko. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, pé: “Àdá ni tèmi.” Ó dìde, ó ní oorun ń kun òun, ó sì wọ yàrá lọ.

Fíìmù náà ni Friday, èyí tí Ice Cube olórin ráàpù àti DJ Pooh jọ kọ, tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1995. Ice Cube ni Craig, Chris Tucker ni Smokey ọ̀rẹ́ rẹ̀, DJ Pooh fúnra rẹ̀ sì ni Red, ẹni tí wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí ni ẹ ti wò ó títí ẹ fi mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí, nítorí náà n kò ní tún ìtàn rẹ̀ rò. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, kí ni ẹni ọdún 79 tí ó wá kí wa láti Abẹ́òkúta, tí kò gbọ́ ìdajì èdè àdúgbò tí wọ́n ń sọ, rí níbẹ̀ tí èmi tí mo ti ń wò ó láti ìgbà èwe mi kò rí?

Nítorí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ mi. Ní Mókọ́lá, ní Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 1998, ẹ̀gbọ́n mi kan ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ti gbó débi pé ìlà funfun máa ń sáré kọjá lójú Smokey. A kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa, ṣùgbọ́n a gbọ́ Deebo, òmìrán tó ń fipá gba nǹkan lọ́wọ́ ará àdúgbò nínú fíìmù náà. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí ó máa ń gba ẹran lórí oúnjẹ ẹlòmíràn, Deebo ni a sọ ọ́ títí tí a fi jáde ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìjà kò dọlà, orúkọ ni í sọni. Ó ti di òṣìṣẹ́ báǹkì báyìí, ó láya, ó bímọ, síbẹ̀ orúkọ náà kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi tí mo ti ń gẹrun. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni onígbàjámọ̀ mi, ṣùgbọ́n àwọn adúláwọ̀ ọmọ bíbí ìlú náà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. N kò sọ ohun tí bàbá mi sọ fún wọn. Mo kàn bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò nípa fíìmù náà, kílípà sì dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó sẹ́bàá ògiri, tí ó ń dúró de àyè tirẹ̀, ni ó kọ́kọ́ fèsì. Ó ní fíìmù náà kò ní ìtàn nínú. Ó ní àwọn ènìyàn méjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé láti àárọ̀ di alẹ́, wọ́n ń mugbó, wọ́n ń wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, àwọn àgbàlagbà sì ń pè é ní iṣẹ́ ńlá. Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹn ni òun fẹ́ wò, òun náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílé. Onígbàjámọ̀ wa ní kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ẹ̀rín ni ẹ̀rín ń jẹ́, àti pé ẹni tí ó bá ń wá ọgbọ́n kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò méjì yìí ni mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ fíìmù náà. Apá kan ní kò wúlò, apá kejì ní kò pọn dandan kí ó wúlò. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí kò sí èyí tí ó gbà pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ènìyàn wò ní àwòfín.

Bàbá àgbàlagbà kan wà lórí àga, ọṣẹ funfun bo àgbọ̀n rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kí ó tó fẹ̀yìntì, ó sì ti ń gbé ní ìtòsí òpópónà Normandie láti ọdún 1971. Ó ní kí wọ́n gbé abẹ kúrò ní ọrùn òun ná. Ó wá sọ pé, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kámẹ́rà kì í dé òpópónà àwọn àfi bí ẹnìkan bá ti nà gbalaja sílẹ̀ tí wọ́n sì ti fi aṣọ bò ó. “Fíìmù yìí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí kámẹ́rà wá sí àdúgbò wa láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì kú.”

Ṣọ́ọ̀bù náà pa rọ́rọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò tíì dé ayé ní ọdún 1992, nígbà tí wọ́n dá àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n lu Rodney King, ọkùnrin adúláwọ̀ kan, sílẹ̀, tí ìlú náà gbiná, tí ẹ̀mí tó lé ní 50 sì bá a lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn tí wọ́n pa ní ìlú Los Angeles nìkan lé ní 1,000. Àwọn fíìmù tí wọ́n ń ṣe nípa àwọn adúláwọ̀ ìhà gúúsù ìlú náà nígbà yẹn kò kúrò lórí ìbọn àti òkú, èyí tí Ice Cube fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òṣèré ní ọdún 1991 pàápàá wà lára wọn. Òun náà ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé òun fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí i pé a máa ń rẹ́rìn-ín ní àdúgbò òun. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ olùdarí fíìmù náà lé lọ́wọ́, F. Gary Gray, kò tíì pé ọmọ ọdún 26 nígbà tí ó jáde, kò sì lọ jìnnà láti wá ibi tí wọn yóò ti yà á. Òpópónà 126th, níbi tí ó gbé dàgbà, ni ó kó wọn lọ. Ogún ọjọ́ ni wọ́n fi parí rẹ̀, owó tí wọ́n ná kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ dọ́là lọ, èyí tí ó sì mú wọlé ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 27.

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi ń rín. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá awakọ̀ náà, mo mọ̀ pé òótọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ: kò sí ohun ńlá tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù náà. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ni wọ́n fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ kan han ayé tí ènìyàn lè jókòó sí iwájú ilé bàbá rẹ̀ kí ó máa gbé ìpápánu sẹ́nu. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí bàbá awakọ̀ náà fi èyí pa mí lẹ́nu mọ́ pátápátá, nítorí nígbà tí ilẹ̀ ṣú nínú fíìmù ọ̀hún, ọkọ̀ kan rọra kọjá, wọ́n sì da ọta ìbọn bo àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì nítorí igba dọ́là tí Smokey jẹ ẹni tó gbé igbó fún un tà. Kò sí ẹni tó kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n fíìmù ẹ̀rín ni ó yọ wọ́n. Ní òpópónà gidi, ọta ìbọn kì í bèèrè bóyá fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni a wà nínú rẹ̀.

Nínú yàrá Craig

Ibi tí bàbá mi ní kí n dá padà nìyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó yìnbọn.

Ẹ ó rántí irú bàbá tí bàbá Craig jẹ́. John Witherspoon, ẹni tí ó kú ní ọdún 2019, ni ó ṣe é. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti fi bàbá náà ṣe ẹlẹ́yà. Ó jókòó nínú ilé ìyàgbẹ́, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìbìkítà nípa òórùn. Iṣẹ́ mímú ajá ni ó ń ṣe, ajá sì ti gé e jẹ káàkiri ara. Ó ń ṣe ìwàásù nípa oúnjẹ tí ó wà nínú fíríìjì àti nípa ọmọ tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ó ń lu itan, ó ń sọ pé, “Àkànní, ó jọ bàbá tíṣà yẹn ní Ìtòkò!” Kò nílò kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà fún un. Ó mọ ohùn bàbá tí ó ń ráhùn nípa oúnjẹ ilé rẹ̀ ní èdè yòówù kí ó jẹ́.

Nígbà tó di alẹ́, Craig mú ìbọn ìléwọ́ jáde. Bàbá rẹ̀ wọlé bá a, ó sì rí i. Ó bi í pé kí ni ìyẹn wà fún. Ọmọ ní kí òun lè dáàbò bo ara òun ni. Bàbá tí a ti ń fi ṣe ẹ̀sín láti òwúrọ̀ wá gbé ìkúùkù méjèèjì sókè, ó ní nígbà ayé èwe tòun, èyí ni gbogbo ohun tí àwọn fi ń dáàbò bo ara àwọn. Ó ní ènìyàn a máa ṣẹ́gun, wọn a sì máa ṣẹ́gun ènìyàn, ṣùgbọ́n yóò wà láàyè. Kò pariwo. Ohùn tí ó fi ń ráhùn nípa fíríìjì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, òmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀ yìí. Àwa Yorùbá ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀ pé akíkanjú tó bá mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ, n kò sì rò pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ fún Witherspoon gbọ́ òwe yẹn rí.

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń wo fíìmù náà, ibẹ̀ ni mo máa ń dìde lọ bu omi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n fi ń dí àlàfo ni. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ ní òwúrọ̀, bó pẹ́ títí, á ṣẹ lálẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni fíìmù yìí, láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà tò ó ni pé kí a kọ́kọ́ fi àgbà náà rẹ́rìn-ín títí a kò fi ní kà á sí mọ́, kí ó tó wá di òun nìkan ni ó ní nǹkan tí ó lè sọ. Bí wọ́n bá ti gbé àgbà ọlọ́gbọ́n wá láti ìbẹ̀rẹ̀, a kò ní gbọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rín lásán ni, wọn kò ṣàkíyèsí pé ẹ̀rín náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn.

Ìyá Ayọ̀ kò rẹ́rìn-ín

Mo gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ ìyàwó mi kalẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń ká aṣọ, kò sì rẹ́rìn-ín ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Nígbà tí bàbá mi ti wọ yàrá, ó ní: “Bàbá Ayọ̀, ẹ ti wo fíìmù yìí láti ìgbà tí ẹ ti wà ní ọmọdé. Ẹ sọ orúkọ obìnrin kan níbẹ̀ tí wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí tí wọn kò lù.” Mo ní Dana, arábìnrin Craig. Ó ní ọ̀kan nìyẹn, kí n máa kà á lọ. Ẹnu mi wọhò. Regina King ni Dana, ẹni tí ó wá gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2019, gbogbo ohun tí wọ́n sì rí fún un ṣe níbẹ̀ kò ju kí ó wọlé kí ó sì jáde lọ. Debbie, ọmọbìnrin tí ọkàn Craig ń fà sí, nìkan ni ó dojú kọ Deebo láìgbé ohunkóhun lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n fún un ni ó sì wá di ìdí tí àwọn ọkùnrin fi rí ìjà jà.

Èyí tí ó dun ìyàwó mi jù ni ti Felisha, ọmọbìnrin tó máa ń tọrọ nǹkan kiri àdúgbò. Bí Craig ṣe fi gbólóhùn kan, “Bye, Felisha” (ó dàbọ̀, Felisha), lé e ti di àṣà ìsọ̀rọ̀ káàkiri ayé, àwọn tí kò wo fíìmù náà rí sì ń fi orúkọ ọmọbìnrin yẹn lé ẹni tí wọn kò kà sí. Ìyàwó mi ní: “Ebi ń pa á. Kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo òpópónà yẹn tí ó bi í bóyá ó ti jẹun.” N kò rí èsì fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì tíì rí i títí di òní. Fíìmù tí ó fi sùúrù wo bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ kò ní sùúrù fún ọmọbìnrin yẹn.

Ní ti igbó mímu tí àwọn mìíràn ń bínú sí, ọkàn mi kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Chris Tucker fúnra rẹ̀ kò padà wá fún apá kejì ní ọdún 2000, ó sì ti sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé òun kò fẹ́ di aṣojú àwọn amugbó. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu rẹ̀. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá wò ó dáadáa, igbó tí Smokey mu dípò kí ó tà á ni ó kó wọn sí gbèsè, gbèsè náà ni ó sì kó ìbọn wá. Kò sí oníwàásù tí yóò sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nítorí pé bàbá mi ti fẹ́ràn irú fíìmù bẹ́ẹ̀, mo fi How High ti ọdún 2001 hàn án, èyí tí olórin ráàpù méjì, Method Man àti Redman, jọ ṣe. Kò wù ú rárá. Ó ní àwọn ọmọ yìí ń mu igbó, kò sì sí bàbá nílé. Àfi bí ó ṣe rí orúkọ Obba Babatundé, ẹni tó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ó nà gọgọrọ lórí àga. “Babátúndé? Ọmọ ibo ni?” Mo ní ọmọ Amẹ́ríkà ni, New York ni wọ́n bí i sí. Ó wo ojú ọkùnrin náà títí fíìmù fi parí.

Bíríkì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi àti bàbá mi nìkan ni a wà nínú ilé ìdáná. Ó ń po ògì. N kò bi í léèrè nǹkan kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ọmọ ọdún 19 ni ní ọdún 1965, nígbà tí ìbò oṣù kẹwàá da Ìwọ̀-Oòrùn rú, tí wọ́n ń da epo sí ilé àti sí ènìyàn lára kí wọ́n tó ṣáná sí i, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí wẹ́ ẹ̀ tí ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin wá pè é ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti pọ́n àdá rẹ̀ sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, òun ni ó sì rọ àdá náà fún iṣẹ́ oko. “Ó rí i lọ́wọ́ mi. Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Kò nà mí, kò sì sọ̀rọ̀. Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí mo bá fẹ́ jáde, àfi kí n gba orí rẹ̀ kọjá.” Nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n lọ, ọ̀kan kò padà wálé. Kò dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ó bu ògì sínú abọ́, ó ní ṣúgà ti fẹ́ tán, kí a rántí rà á.

Ọgbọ̀n ọdún ni ó wà láàárín alẹ́ ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ tí fíìmù Ice Cube jáde, òkun ńlá sì tún wà láàárín wọn. Síbẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà ní òpópónà 126th mú bàbá mi padà sí ẹnu ọ̀nà ilé alágbẹ̀dẹ ní Abẹ́òkúta. N kò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé ìyẹn fún ọ̀dọ́mọkùnrin ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹni tó ní kò sí ìtàn níbẹ̀.

Mo wá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá mi mu ògì rẹ̀ débi ìdajì, ó gbé ojú sókè. “Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn rẹ́ni jẹ.” Mo ní, ta ni? “Craig. Bàbá rẹ̀ ní kí ó fi ọwọ́ jà. Bíríkì ni ó fi gbá a.” Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ni. Àwọn tí wọ́n ń yin ìmọ̀ràn bàbá yẹn kì í sábà mẹ́nu ba bíríkì. Craig gbé ìbọn sílẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò, ó fi ọwọ́ jà, Deebo lù ú bí ẹni lu bàrà, nígbà tí ó sì rí i pé ọwọ́ kò ràn án, ó mú ohun tí ó wà nílẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹni tí ó ní èyí ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ní tèmi, bí Craig bá ti fi ọwọ́ lásán ṣẹ́gun òmìrán yẹn, irọ́ ni wọn ì bá máa pa fún wa. Bàbá rẹ̀ kò ṣèlérí pé ìkúùkù yóò ṣẹ́gun. Kí ẹ̀mí ọmọ òun má bọ́, kí ẹ̀mí Deebo náà má bọ́, ni ó ń wá. Mo bi bàbá mi bóyá alágbẹ̀dẹ yẹn yóò gba bíríkì. Ó ronú sí i dáadáa. Ó ní: “Bàbá mi? Kò ní jẹ́ kí n jáde débi tí bíríkì wà.”

Ó ti padà sí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo pè é, a kí ara wa, ó bèèrè Ìyá Ayọ̀ àti àwọn ọmọ, mo bèèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Nígbà tí a fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí n dúró ná.

“Àkànní, ọmọ yẹn, tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ó padà rí iṣẹ́?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ní apá kẹta, ti ọdún 2002. Mo ní iṣẹ́ sìkiọ́ríìtì ni, ó ń ṣọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ tí ẹnìkan ń gún nǹkan nínú odó lẹ́yìn rẹ̀.

“Ṣé wọ́n fún un ní ìbọn?”

Mo ní n kò rántí pé mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀.